Báwo ni okùn ṣe ń lu òkúta? Ìdáhùn fún àbúrò tó rí àwòrán rìgì àtijọ́

Àbúrò kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi, mo ní kí n jókòó dá a lóhùn dáadáa torí kì í ṣe ohun téèyàn ń fi gbólóhùn kan dáhùn. Ohun tó kọ rèé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bá àwọn tó ń gbẹ́ borehole ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, mo wá rí àwòrán rìgì kan tí wọ́n fi wá epo ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, igi ni gbogbo ẹ̀, okùn ni wọ́n sì fi so irin tó ń gbẹ́lẹ̀. Ohun tí ò yé mi ni pé okùn ò ṣeé yí bíi páìpù. Tí ẹ́ńjìnnì bá yí i lókè, ńṣe ló máa lọ́ mọ́ra, irin ìsàlẹ̀ ò ní mọ nǹkan kan. Báwo wá ni wọ́n ṣe fi lu òkúta? Ṣé èèyàn sì lè kan irú ẹ̀ lónìí?”

Ibi tó o ti ṣì í, àbúrò, ò ju ibì kan ṣoṣo lọ: o rò pé ńṣe ni wọ́n ń yí irin yẹn bí ẹ ṣe ń yí tiyín. Wọn ò yí i. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n á jẹ́ kó já lu òkúta, wọ́n á tún gbé e, wọ́n á tún jẹ́ kó já, bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni ń gúnyán fún gbogbo àdúgbò. Irin gígùn kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ni ọmọ odó, òkúta ìsàlẹ̀ ni iṣu, okùn kàn ń ṣe iṣẹ́ apá tó ń gbé ọmọ odó ni. Èdè wa gan-an ti fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ tán, torí lù tá a fi ń lu ìlù àti lu tá a fi ń dá nǹkan lu, ohùn lásán ló yà wọ́n. Wọ́n ń lù ú kó lè lu. Tó o bá ti gba ìyẹn, gbogbo igi àti kẹ̀kẹ́ tó o rí nínú àwòrán yẹn á yé ẹ, torí gbogbo ẹ̀ ò ju ọgbọ́n láti lu ilẹ̀ kan náà láìmọye ìgbà lọ, láìjẹ́ kí okùn já, láìjẹ́ kí irin há, láìjẹ́ kí ihò wọ́.

Kì í ṣe àwọn Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n o. Àwọn ará Ṣáínà ní Sichuan ti ń fi ọparun lu kànga omi iyọ̀ tipẹ́tipẹ́, àwọn ọkùnrin á fò sórí pákó, pákó á tẹ̀, irin á gbéra, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, irin á já. Ní 1835 wọ́n fi ọgbọ́n yìí dé mítà 1,001 ní kànga Shenhai nílùú Zigong. Ẹgbẹ̀rún mítà pẹ̀lú ọparun àti ẹsẹ̀ èèyàn! Tiwa n'Íbàdàn, kí rìgì tó dé ọgọ́rùn-ún mítà, oníbàárà á ti máa bú ẹ lójú. Ní Amẹ́ríkà náà, iyọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, David àti Joseph Ruffner, lu kànga iyọ̀ lẹ́bàá odò Kanawha, wọ́n parí ẹ̀ ní 1808, igi gígùn kan tó ń tẹ̀ tó sì ń ta padà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ, ìdí ẹ̀ wà nílẹ̀, orí ẹ̀ ń fì lókè ẹnu kànga, tí wọ́n bá fẹsẹ̀ tẹ okùn irin á lu ilẹ̀, tí wọ́n bá dẹ okùn igi á fà á sókè, bíi igi tí ọdẹ tẹ̀ kó lè ta tí ẹran bá kọsẹ̀ sí okùn.

Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn fẹ́ràn ọ̀pá irin tí wọ́n so mọ́ra, bíi tiyín. Mulot, ará Faransé kan, fi irú ẹ̀ lu kànga Grenelle ní Paris láti 1833 títí di 1841 kí omi tó tú jáde ní mítà 548. Ìyà tó wà nídìí ọ̀pá ni pé gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ fa irin jáde, wàá tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá tún dè é padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ fúnra ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá ń tú páìpù ọgọ́rin mítà lábẹ́ oòrùn. Okùn ní tiẹ̀, kíká lásán ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ irin ti jáde. Torí ìdí yìí nìkan, èmi ò bá àwọn Amẹ́ríkà jà pé wọ́n yan okùn.

Irú rìgì tó o rí yẹn gbajúmọ̀ látìgbà tí Edwin Drake ti bá epo pàdé ní Titusville ní Pennsylvania. Drake yìí ò mọ nǹkan kan nípa kànga o, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń kọ “Colonel” síwájú orúkọ ẹ̀ lára lẹ́tà kí àwọn ará ìlú lè bọ̀wọ̀ fún un, kò sì ṣe sójà rí. Àmọ́ ohun kan tó ṣe dáadáa ni pé ó wá alágbẹ̀dẹ. William Smith, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Uncle Billy, ti ń rọ irin fún àwọn tó ń lu kànga iyọ̀ ní Tarentum, ní 1859 ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ dání ó wá. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì onísítíìmù kan tó lágbára ẹṣin mẹ́fà péré, jẹnẹrétọ̀ tí ẹlòmíì fi ń tan fíríìjì nílé ju ìyẹn lọ.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà fún wọn. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lókè, omi odò sì ń wọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń ya. Drake wá ní kí wọ́n ra páìpù irin oní-fíìtì mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n máa lù ú wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó máa fi kan àpáta, ó sì kan àpáta ní fíìtì 32. Inú páìpù yìí ni irin wá ń gbà lọ síṣẹ́. Kéésìn tẹ́ ẹ̀ ń jù sí orí ilẹ̀ tó bá rọ̀ nìyẹn, kò yàtọ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n ń lọ bíi fíìtì mẹ́ta lójúmọ́. Ní Sátidé, 27 August 1859, wọ́n ti dé fíìtì 69 ààbọ̀, irin ṣàdédé bọ́ sínú ojú ihò kékeré kan nísàlẹ̀, wọ́n ní ó tó, ó di ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ ìsinmi ló kàn. Lọ́jọ́ Sunday yẹn Uncle Billy lọ yọjú wo inú páìpù, epo ló rí tó léfòó. Mítà mọ́kànlélógún péré ni gbogbo ẹ̀ o. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Drake pé kó san gbèsè kó máa bọ̀ nílé ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn.

Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló kù. Jẹ́ n mú ẹ rìn ín láti ibi iná dé ibi òkúta, bí wọ́n ṣe ń kàn án nígbà tó di àwọn ọdún 1870 tí gbogbo rìgì Pennsylvania ti fẹ́ẹ̀ jọra tán.

Bọ́ílà wà lọ́ọ̀ọ́kán, torí gáàsì ń jáde lẹ́nu kànga, ta ló fẹ́ gbé iná sún mọ́ ọn. Páìpù gbé sítíìmù lọ sí ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì gígùn kan gbà lára ẹ́ńjìnnì lọ sára kẹ̀kẹ́ onígi ràgàjì kan tó ga tó fíìtì mẹ́wàá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí ni apá irin kan wà tó ń bá a yí po, bíi ibi tá a ti ń fẹsẹ̀ wa básíkùlù gẹ́lẹ́. Igi kan gbéra lórí apá yẹn, ó lọ di ìdí igi ńlá kan mú lókè, igi òkè yìí sì gùn tó fíìtì 26, wọ́n gbé àárín ẹ̀ lé orí òpó kan tó rí gìrìpá, jáńgílófà lásán ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kẹ̀kẹ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìdí igi á gòkè á sọ̀, orí ẹ̀ kejì tó yọ sórí ẹnu kànga náà á sọ̀ á gòkè, ibẹ̀ ni wọ́n so okùn mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ yíyí ẹ́ńjìnnì di gbígbé àti jíjá, bíi ọgbọ̀n ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ilé igi gàgàrà tó ga tó fíìtì 72 yẹn, tó jẹ́ pé òun ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò, òun kọ́ ló ń lu nǹkan kan. Ìdí tó fi ga ni pé irin tí wọ́n so pọ̀ gùn tó fíìtì 60, tí wọ́n bá fà á jáde ó gbọ́dọ̀ ráyè dúró. Ó tán.

Irin yẹn ní tiẹ̀ pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan, sìkírúù ló so wọ́n pọ̀. Lókè pátápátá ni ihò tí wọ́n ki ẹnu okùn bọ̀, okùn máníìlà, ìyẹn okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko lọ́, tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Irin kúkúrú kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní jars, màá padà sórí ìyẹn, lẹ́yìn ẹ̀ ọ̀pá irin gbọọrọ tó ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo, nísàlẹ̀ pátápátá bíìtì, irin ẹlẹ́nu tó ń fọ́ òkúta gan-an. Ọ̀pá gbọọrọ yẹn ló ń jẹ́ kí ihò tọ́, torí ohun tó gùn tó wúwo tó sì rọ̀ dirodiro, òòró ló fẹ́ máa já, bíi okùn olómi-òjé tí bíríkìlà fi ń wo ògiri.

Ibi tí okùn ti kan orí jáńgílófà lọgbọ́n wà jù lójú tèmi. Wọn ò kàn so okùn mọ́ igi, wọ́n fi sìkírúù gígùn kan sí àárín, bíi fíìtì mẹ́rin sí márùn-ún, ó so rọ̀ lórí igi, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló di okùn mú. Rò ó wò: bí òkúta ṣe ń fọ́, ihò ń jìn sí i, tí okùn bá dúró bó ṣe wà, láìpẹ́ irin ò ní kan ìsàlẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ló máa máa lù. Torí náà, ọ̀gá rìgì á máa yí sìkírúù yìí díẹ̀díẹ̀, kí okùn máa sọ̀ bí ìwọ̀n èékánná, tí sìkírúù bá lọ tán wọ́n á dá ẹ́ńjìnnì dúró, wọ́n á tú okùn, wọ́n á yí sìkírúù padà sókè, wọ́n á di okùn mú níbi tuntun, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á dẹ okùn jù, irin á kanlẹ̀ á sùn síbẹ̀, okùn á ká, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á jẹ́ kí okùn kúrú díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ihò, torí okùn máníìlà ń fà díẹ̀ bíi rọ́bà, irin á já, okùn á fà, bíìtì á ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òkúta pàá, jáńgílófà ti ń gbé e lọ sókè nìyẹn. Bíi ọwọ́ onílù ni. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹgọ́ tẹ awọ mọ́lẹ̀ ò lè gbọ́ ohùn kankan níbẹ̀, kó kàn án kó sì kúrò lójú ẹsẹ̀ ni ìlù fi ń dún.

Jars wá ni ojú ẹ̀wọ̀n irin ńlá méjì tó kọ́ra wọn, àyè díẹ̀ wà láàárín wọn tí wọ́n lè fi sún lọ sún bọ̀. Billy Morris tó ń lu kànga iyọ̀ ní Kanawha ló mú un wá ní àwọn ọdún 1830, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1841. Tí bíìtì bá há nínú òkúta, okùn tó ń fà á jẹ́jẹ́ ò lè tú u, okùn ló máa já. Àmọ́ pẹ̀lú jars, irin òkè á kọ́kọ́ sáré gòkè lófìfo, ojú ẹ̀wọ̀n òkè á wá gbá ojú ẹ̀wọ̀n ìsàlẹ̀, gbàgà, bíìtì á tú. Ẹni tó bá ti yọ àáké tó há sára igi rí mọ̀ pé gbígbá ló ń tú u, kì í ṣe fífà.

Jars yìí kan náà ló tún ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rìgì kì í wo inú kànga, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀, ọwọ́ ló gbé lé okùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ojú ẹ̀wọ̀n ṣe ń kọlu ara wọn nísàlẹ̀, okùn ń gbé e wá sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Tí gbígbá náà bá ń rọ, ihò ti jìn ju okùn lọ, kó yí sìkírúù. Tí okùn bá ń wárìrì lọ́nà míì, òkúta ti yí padà, ó ti kúrò lórí èyí tó le ó ti bọ́ sórí yanrìn. Ó tún ní okùn tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó lọ títí dé ibi ẹ́ńjìnnì, tó bá fà á sítíìmù á pọ̀, tó bá dẹ̀ ẹ́ á dínkù, kò nílò láti pariwo pe ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kan lórí okùn tó ń gbọ́rọ̀, ọwọ́ kan lórí okùn tó ń pàṣẹ.

Ó kù ibi tó o bi mí gan-an. Bíìtì yẹn ò rí ṣóńṣó, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ó sì tẹ́ bíi ti àáké, tó bá wá ń kan ojú kan náà nígbà gbogbo, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa gbẹ́, á sì há síbẹ̀. Kí ihò tó lè rí roboto, bíìtì gbọ́dọ̀ yí díẹ̀ kó tó já lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló wá ń yí i? Okùn náà ni.

Ìgbà míì tó o bá fi okùn tuntun fa omi nínú kànga, wo garawa dáadáa. Tó bá ti kún tó kúrò lójú omi báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, á máa da omi síbí sọ́hùn-ún, tó o bá gbé e kalẹ̀ okùn á fẹ́ ká padà. Ìwọ ò yí i, ìwúwo ló ń tú ìlọ́ okùn. Bó ṣe ń rí lábẹ́ rìgì nìyẹn: tí jáńgílófà bá gbé tọ́ọ̀nù kan sókè okùn á na, ìlọ́ ẹ̀ á tú díẹ̀, irin á yí, tí irin bá kanlẹ̀ okùn á dẹ̀, ìlọ́ á fẹ́ padà, àmọ́ ibi tí bíìtì á ti kan òkúta nígbà tó ń bọ̀ ti yí kúrò ní ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rìgì náà ń ràn án lọ́wọ́, á máa fi ọwọ́ tàbí igi kékeré yí okùn sápá kan títí okùn á fi lọ́ díẹ̀, á tún yí i padà sápá kejì. Torí náà òótọ́ lo sọ pé èèyàn ò lè yí okùn lókè kó yí irin nísàlẹ̀ bíi páìpù. Ohun tó o gbàgbé ni pé okùn ti ní yíyí tiẹ̀ nínú látọwọ́ ẹni tó lọ́ ọ. Nígbà tó yá tí wọ́n ń lo wáyà, wọ́n lọ́ wáyà sápá òsì, kó jẹ́ pé tó bá fẹ́ tú, ńṣe ni á máa fún sìkírúù irin le dípò kó máa tú u.

Òkúta tí wọ́n ti lù ńkọ́? Wọ́n máa ń da omi díẹ̀ sínú ihò tí ihò ò bá lómi, lẹ́búlẹ́bú òkúta á pò mọ́ omi bíi ògì. Tí ògì yìí bá ti ki jù irin ò ní já dáadáa mọ́. Wọ́n á wá yọ igi tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ jáńgílófà, wọ́n á fi okùn míì so kẹ̀kẹ́ mọ́ ìkákùn ńlá tó wà lábẹ́ ilé igi, ìkákùn á ká okùn, irin á jáde. Wọ́n á ju garawa gígùn kan tó rí bíi páìpù sínú ihò, fáàfù wà ní ìdí ẹ̀, tó bá kanlẹ̀ fáàfù á ṣí ògì á wọlé, tí wọ́n bá fà á sókè á pa dé. Okùn tiẹ̀ àti ìkákùn tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, fífi ọ̀pá ti ìkákùn yẹn kó kan ara kẹ̀kẹ́ ńlá ló ń mú un yí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwọn àti tiyín nìyẹn o: tiyín ń lu ilẹ̀ ó sì ń kó ìdọ̀tí jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tiwọn gbọ́dọ̀ dúró.

Tí irin bá ti wà lókè, alágbẹ̀dẹ ló kàn. Èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá, ọ̀gá rìgì àti ẹni tó ń pọ́n bíìtì, àwọn méjì míì á gbà á lọ́wọ́ wọn. Iná àgbẹ̀dẹ wà lábẹ́ ilé igi níbẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ títí bíìtì á fi pọ́n yòò, àwọn méjèèjì á wá kọjú síra wọn pẹ̀lú òòlù, wọ́n á máa lù ú ní àlùgbà, wọ́n á fi òrùka irin wọ̀n ọ́n bóyá ó ti fẹ̀ padà tó bó ṣe yẹ. Má fojú kéré òrùka yẹn. Tí ẹnu bíìtì bá ti jẹ, ihò á máa tóóró bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ọjọ́ tó o bá wá ju bíìtì tó pé sínú ẹ̀ á wọ ibi tóóró, á há pinpin, òṣìṣẹ́ méjì á jókòó máa wo ara wọn.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn ní rìgì olókùn kan tó ti gbó, a ń fi lu kànga omi lápá Òkè-Ògùn, èmi ni mo wọn bíìtì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ebi ń pa mí, mo ní ó ti dáa. Kò dáa. Ó há ní nǹkan bíi mítà 31, ọ̀gá wa ò sí nítòsí, èmi àti ẹnì kejì mi fagídí fà á, wáyà já, gbogbo irin jókòó sísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣọdẹ ẹ̀. Àwọn ará 1870 náà ní ohun ìṣọdẹ wọn lóríṣiríṣi, irin ẹlẹ́gùn-ún tó ń kọ́ okùn tó já, irin onífìlà tó ń ṣí bo orí ọ̀pá tó sì ń di í mú, wọ́n sì máa ń fi ọ̀sẹ̀ gbáko ṣe é, nígbà míì wọ́n á fi kànga ọ̀hún sílẹ̀ lọ lu òmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin onífìlà náà la fi mú tiwa. Ọ̀gá ò bú mi, ó kàn fi òrùka irin yẹn sọ́rùn mi títí dalẹ́.

Omi náà tún jẹ́ ìyọnu fún wọn, torí omi òkè ń ṣàn wọ ibi tí epo wà. Kí wọ́n tó máa fi kéésìn dè é pátápátá, àpò awọ ni wọ́n ń lò, wọ́n á kó èso gbígbẹ ewéko kan tó ń jẹ́ flax sínú ẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ara páìpù, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, omi á mú èso náà wú bí ẹ̀wà tá a rẹ mọ́jú, àpò á fún mọ́ ògiri kànga, omi ò ráyè kọjá. Ó wú mi lórí gan-an. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa páìpù jáde, àpò á ya, omi òkè á ya wọlé bí àgbàrá.

Ibi tí rìgì yìí ti kù díẹ̀ káàtó jù ni pé inú ihò ò ní ohunkóhun tó ń tẹ epo àti gáàsì mọ́lẹ̀. Tí bíìtì bá ṣí ojú wọn, wọ́n á tú jáde bó ṣe wù wọ́n, tí iná bá sì wà nítòsí, ó parí. Kànga Drake gan-an jó ní October 1859, fìtílà Uncle Billy ló dá a sílẹ̀. Ó tún ń lọ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tó rọ̀ ò sì bá a mu rárá, torí yanrìn ń ya padà ju bí garawa ṣe lè kó o lọ. Ohun tó jẹ́ kí rìgì oníyíyí gbayì ní Texas nìyẹn: ní Spindletop, yanrìn ti fìyà jẹ àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Hamill wá fi páìpù tó ń yí àti ẹrẹ̀ tó ń yí po nínú ẹ̀ lu ibẹ̀, ní 10 January 1901 epo tú sókè ju orí ilé igi lọ. Wọ́n máa ń sọ pé màlúù ni wọ́n dà sínú omi kó lè tẹ ẹrẹ̀ yẹn fún wọn. Lọ́dọ̀ tiwa náà, àwọn Nigerian Bitumen Corporation ti ń lu ilẹ̀ wá bítúmẹ̀nì ní agbègbè Araròmí lápá Òkìtìpupa láti 1908, ogun 1914 ló lé wọn lọ.

Má rò pé lílù ti kásẹ̀ nílẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó lórí yanrìn, oníyíyí pẹ̀lú ẹrẹ̀ ni tiwọn. Àmọ́ ìwọ tó wà n'Íbàdàn lórí àpáta, wo hámà tẹ́ ẹ̀ ń sọ sísàlẹ̀ yẹn dáadáa. Afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ń mú un lu òkúta gbàgbàgbà, yíyí tí rìgì ń yí páìpù lókè ò ju kí ẹnu bíìtì má baà kan ojú kan náà lọ. Iṣẹ́ tí okùn Uncle Billy ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni dísù ń ṣe fún yín lónìí.

Ṣé èèyàn lè kan irú ẹ̀? O lè kàn án, àmọ́ kì í ṣe fún iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, oníbàárà ò ní dúró dè ẹ́. Fún kànga ilé lábúlé, níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tàbí òkúta tó ti jẹrà, ó ṣeé ṣe. Òpó mẹ́ta tó pàdé lókè, púlì kan, ọ̀pá irin tó wúwo tó ọgọ́rin kílò, ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń yí páànù roboto. Okùn lo máa wé mọ́ páànù yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tó o bá fà á le á gbé irin, tó o bá dẹ̀ ẹ́ irin á já, ọwọ́ ẹ lo fi ṣe jáńgílófà nìyẹn. Má wọ ìbọ̀wọ́ tó tú fẹ́rẹfẹ̀rẹ nídìí ẹ̀ o, okùn yẹn lè fà á pẹ̀lú ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀. Fáàfù garawa, fi awẹ́ táyà àtijọ́ gé e. Okùn ni kó o ṣọ́ra rà: oníka mẹ́ta tí wọ́n lọ́ ni kó o béèrè, má ra èyí tí wọ́n hun bíi irun dídì, tàwọn ọlọ́jà á sọ pé ó lágbára jù. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ kò ní ìlọ́ nínú, bíìtì ẹ ò ní yí, lọ́jọ́ kejì wàá pè mí pé irin ti há.